Nóòtì kíláàsì orí ayélujára fún akẹ́kọ̀ọ́ akàndá ẹ̀dá: PDF ni, Word ni, ojú-ìwé Moodle ni, EPUB ni, àbí ohùn?

Nóòtì kan náà ni olùkọ́ kọ. Ọ̀nà tó gbà gbé e sórí Moodle, ìyẹn kíláàsì orí ayélujára tí fásitì ń lò, ló máa sọ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ketekete, tàbí fóònù rẹ̀ yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Láti NOUN (National Open University of Nigeria) dé ilé ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti Fásitì Ìbàdàn, fáìlì ni kíláàsì. Bí fáìlì bá ti akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ta, kò sí olùkọ́ níwájú tó máa ka ojú pátákó fún un, kò sì sí ọ̀rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa sọ ohun tí wọ́n yà síbẹ̀. Òfin tó ka yíya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kínní ọdún 2019, sì ti sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ wọn láti kàwé láìsí ìdènà.

Ọ̀nà mẹ́fà ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń gbà fi nóòtì síta: PDF tí wọ́n síkáànù, fáìlì Word, PDF tí wọ́n yọ jáde láti inú Word, ojú-ìwé tí wọ́n kọ sínú Moodle fúnra rẹ̀, ìwé EPUB (fáìlì ìwé orí ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bá ìwọ̀n ojú fóònù mu), àti ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Síláìdì àti fídíò náà wà níbẹ̀, a ó fẹnu bà wọ́n ráńpẹ́.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Èkíní ló ju gbogbo ìyókù lọ: ṣé ọ̀rọ̀ ló wà nínú fáìlì náà, àbí àwòrán ọ̀rọ̀? Screen reader, ìyẹn áàpù tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù síta, lẹ́tà ló mọ̀ ọ́n kà. NVDA, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, wà fún Windows. JAWS wà fún ẹni tó lè sanwó rẹ̀. TalkBack ti wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android, VoiceOver sì wà nínú iPhone. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa ka àwòrán ojú-ìwé bí ẹni ń ka ìwé, àfi bí ẹnìkan tàbí ẹ̀rọ bá kọ́kọ́ sọ àwòrán náà di lẹ́tà.

Èkejì ni àkọlé. Ẹni tó ríran á kàn fi ojú wá ibi tó fẹ́ kà. Ẹni tó ń lo NVDA á tẹ H kó lè bọ́ sórí àkọlé tó kàn, á tẹ 2 kó lè bọ́ sórí àkọlé onípele kejì, á tẹ T fún tábìlì. Bí ó bá tẹ Insert pẹ̀lú F7, gbogbo àkọlé inú nóòtì náà á tò sílẹ̀ fún un. Bí olùkọ́ bá kàn fi lẹ́tà ńlá dúdú kirikiri ṣe àkọlé, H kò ní rí nǹkan kan mú. Nóòtì ogójì ojú-ìwé á wá di ọ̀rọ̀ kan gbọọrọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti gbọ́ láti òkè délẹ̀ nítorí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta: ṣé fáìlì náà gbọ́rọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu? Kì í ṣe ẹni tí kò ríran rárá nìkan là ń sọ. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran máa ń fẹ́ sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú PDF, ìlà á jáde kúrò lójú fóònù, á wá máa fà á sọ́tùn-ún fà á sósì lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú Word tó wà ní ìlànà ti fóònù, nínú ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù àti EPUB, ọ̀rọ̀ máa ń ká ara rẹ̀ wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí lẹ́tà máa ń dà rú mọ́ lójú náà nílò kó lè pààrọ̀ fọ́ǹtì, kó fa ìlà jìnnà síra, kó yí àwọ̀ ẹ̀yìn padà.

Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni dátà, kíkà nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, owó àti àkókò olùkọ́, àti bóyá fáìlì náà lè gbé ìṣirò àti àmì ohùn Yorùbá láìbà wọ́n jẹ́.

PDF tí wọ́n síkáànù: ó rọrùn fún olùkọ́, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́

Ohun tó mú un wọ́pọ̀ kò ṣòro mọ̀: nóòtì ti wà lórí ìwé láti ọdún pípẹ́, fóònù wà lọ́wọ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ àwòrán lásán ni. Kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò ṣeé kà síta, ó sì ń jẹ dátà, nítorí ojú-ìwé A4 kan ní 300 dpi (àmì 300 nínú íǹṣì kan) jẹ́ 2480 lọ́nà 3508 píkísẹ́lì, bóyá ọ̀rọ̀ ibẹ̀ pọ̀ tàbí ó kéré.

Ìdánwò kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú kan, tó sì yẹ kí ẹ ṣe fún gbogbo PDF kó tó gòkè. Ẹ ṣí i, ẹ tẹ Ctrl+A, ẹ tẹ Ctrl+C, ẹ ṣí Notepad, ẹ tẹ Ctrl+V. Bí nǹkan kan kò bá jáde, àwòrán ni. Bí ọ̀rọ̀ bá jáde ní mímọ́, ó kéré tán lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni ẹ̀kẹta: nóòtì Yorùbá tó rí rẹ́gí lójú, àmọ́ tó jáde ní Notepad bí àmì dọ́là, àkámọ́ àti lẹ́tà tí kò bára mu. Fọ́ǹtì àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, irú èyí tó ya àwòrán ẹ àti ọ lé orí àmì mìíràn kí Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò, tó gbòde. Ohun tí Notepad fi hàn yẹn gan-an ni screen reader máa kà sí akẹ́kọ̀ọ́ létí. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò sàn ju síkáànù lọ. Títún un tẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ, tàbí kí ẹni tó mọ fọ́ǹtì náà ṣe àtẹ ìpààrọ̀ lẹ́tà fún un.

Bí ó bá jẹ́ síkáànù nìkan lẹ ní, ẹ lè gbà á là. Ẹ síkáànù ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kì í ṣe ojú-ìwé méjì nínú àwòrán kan, ní 300 dpi, kó dúró ṣánṣán. Ìwé tí wọ́n ti fi báírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń da ẹ̀rọ láàmú, nítorí náà ẹ wá ẹ̀dà tó mọ́. Lẹ́yìn náà, OCRmyPDF, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á fi Tesseract sọ àwòrán di lẹ́tà. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní OCR. Tesseract ní fáìlì èdè Yorùbá, nítorí náà bí ẹ bá kọ `-l yor+eng --deskew` sí i, á ka èdè méjèèjì, á sì tọ́ ojú-ìwé tó bá wọ́. Ẹni tí kò fẹ́ kọ àṣẹ lè gbé fáìlì kékeré sí Google Drive, kó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún, kó yan Open with, lẹ́yìn náà Google Docs.

Àmọ́ kí ẹ má ṣe gbé èsì rẹ̀ síta láìkà á. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ sọnù: owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti òwò lè di “owo” kan náà. Òǹkà á di lẹ́tà, 1 á di l, 0 á di O. Ojú-ìwé tí wọ́n pín sí òpó méjì, irú ti ìwé ìròyìn, á pa ìlà òpó òsì pọ̀ mọ́ tọ̀tún. Ẹ ya bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí tábìlì bá pọ̀. Nóòtì tí kò ju ogún ojú-ìwé lọ, títún un tẹ̀ sínú Word máa ń yá jù.

Ní ti ìwé ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti fọwọ́ sí Àdéhùn Marrakesh ti ọdún 2013, èyí tó fàyè gba ṣíṣe ẹ̀dà ìwé lọ́nà tí ẹni tí kò ríran lè gbà kà á. Kì í ṣe ìwé àṣẹ láti fi odindi ìwé náà sórí Moodle fún gbogbo kíláàsì o. Láti ibi ìkàwé fásitì ni kí ẹ ti gbà á.

Fáìlì Word: orísun gbogbo ìyókù

Èyí ni àwa máa ń sọ pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ tọ́jú, nítorí láti inú rẹ̀ ni PDF, EPUB, ojú-ìwé Moodle àti Braille, ìwé tí wọ́n ń fi ìka kà, ti ń jáde. Bí Word bá dára, ìyókù á dára. Bó bá wọ́ níbẹ̀, ibi gbogbo ló máa wọ́ dé. Kò sí owó tuntun láti ná. Ẹni tí kò ní Word lè lo LibreOffice lọ́fẹ̀ẹ́. Nóòtì ọgbọ̀n ojú-ìwé tí kò ní àwòrán kì í sábà tó 100 KB.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ó kàn gba àṣà tuntun ni. Ẹ gbé ọwọ́ sórí àkọlé mọ́dù, ẹ tẹ Ctrl+Alt+1, ó di Heading 1. Ctrl+Alt+2 fún àkọlé yúnìtì, Ctrl+Alt+3 fún èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má fo láti 1 sí 3, akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé òun ti pàdánù nǹkan. Bí ìrísí àkọlé náà kò bá wù yín, ẹ yí Style padà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á yí. Láti bẹ̀rẹ̀ ojú-ìwé tuntun, Ctrl+Enter ni. Ẹ má tẹ Enter léraléra, nítorí NVDA á máa sọ “blank, blank, blank” títí tí akẹ́kọ̀ọ́ á fi rò pé nóòtì ti parí.

Àwòrán: ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí rẹ̀, ẹ yan Alt Text, ẹ sọ ohun tí àwòrán náà ń kọ́ni. “Àwòrán gíráàfù” kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Nínú nóòtì ètò ọrọ̀ ajé, irú èyí ló ń ṣiṣẹ́: “Gíráàfù owó àpò gàrí sí iye àpò tí wọ́n rà. Bí owó ṣe ń gòkè láti ₦20,000 sí ₦40,000, iye àpò ń wálẹ̀ láti 100 sí 45, ìlà náà sì tẹ́ sí i bó ṣe ń lọ sọ́tùn-ún.” Bí àlàyé bá gùn ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán níbi tí gbogbo kíláàsì ti lè kà á, ẹni tó ríran náà á jàǹfààní rẹ̀. Àwòrán ọ̀ṣọ́ lásán, ẹ yan Decorative fún un. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Wrap Text, ẹ yan In Line with Text. Àwòrán àti àpótí ọ̀rọ̀ tó bá ń léfòó lójú ìwé, screen reader lè fò ó, tàbí kó kà á níbi tí kò yẹ.

Tábìlì: ìlà òkè ni kó jẹ́ àkọlé, ẹ tẹ Repeat Header Rows lábẹ́ Layout, ẹ má sì pa àpótí méjì pọ̀ di ọ̀kan. Àpótí tí wọ́n pa pọ̀ ló máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ so òǹkà mọ́ àkọlé tí kì í ṣe tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á wá gbọ́ pé òjò oṣù Ògún rọ̀ ní oṣù Èrèlé.

Ní ti àwọ̀, WCAG, ìlànà àgbáyé fún wẹ́ẹ̀bù tí akàndá ẹ̀dá lè lò, béèrè pé kí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Lórí funfun, eérú `#767676` gbà, `#777777` kò gbà. Ẹ rí i pé ààlà náà tín-ín-rín, nítorí náà kí ẹ fi dúdú kọ ọ́ kó yé. Ẹ má sì sọ pé “èyí tó wà ní pupa ló ṣe pàtàkì”.

Fún nóòtì Yorùbá, ohun kan wà tí àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe: wọ́n á tẹ e tàbí o tàbí s, wọ́n á fi Underline fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ dípò àmì gidi. Ojú á rí i bí ẹ, ẹ̀rọ á kà á bí e. Ẹ lo kííbọọ̀dù Yorùbá tó ń tẹ ẹ, ọ, ṣ gidi, kí ẹ sì yan Yoruba ní Set Proofing Language fún àwọn ìpínrọ̀ náà, kí screen reader lè mọ ìgbà tí èdè yí padà. Bí fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ní ohùn Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ló máa kà á, àmì ohùn á sì sọnù létí. Ibẹ̀ ni ohùn olùkọ́ fúnra rẹ̀ ti wúlò. A ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìṣirò: Alt pẹ̀lú = ló ń ṣí àpótí Equation. Ìṣirò tí ẹ bá kọ síbẹ̀, NVDA tó ní MathCAT, ohun tó ń ka ìṣirò síta, lè kà á ní ẹyọ-ẹyọ. Èyí tí ẹ bá yà ní fọ́tò, ẹ ti sọ ọ́ di síkáànù.

Ní ìparí, Review, Check Accessibility. Á sọ àwòrán tí kò ní àlàyé àti tábìlì tó wọ́. Kò lè sọ bóyá àlàyé yín jẹ́ òótọ́ o. Àléébù Word? Ó rọrùn láti ṣèèṣì fi ọwọ́ pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú rẹ̀ lórí fóònù, bó sì ṣe rí lórí ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn.

PDF láti inú Word: fún ohun tí kò gbọdọ̀ yí padà

PDF gidi ní àmì abẹ́lẹ̀ tó ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni tábìlì. Tag ni wọ́n ń pè é. Bí tag kò bá sí, lẹ́tà wà ṣùgbọ́n H kò ní ṣiṣẹ́. Save As, PDF, Options, kí ẹ rí i pé “Document structure tags for accessibility” ní àmì nínú àpótí rẹ̀. Ní LibreOffice, Export as PDF, ẹ yan Universal Accessibility (PDF/UA). Ẹ má gba ọ̀nà Print lọ sí PDF. Ibẹ̀ ni tag ti máa ń sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn wẹ́ẹ̀bù tó ń fún PDF pọ̀ kó kéré lè yọ ọ́ dànù láìsọ fún yín. PAC, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows, á yẹ̀ ẹ́ wò fún yín.

Bí PAC bá rí àṣìṣe, ẹ padà sínú Word lọ tún un ṣe. Títún PDF ṣe fúnra rẹ̀ ń béèrè Acrobat Pro, tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù, àtúnṣe náà á sì parẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá tún yọ ẹ̀dà tuntun jáde. PDF dára fún ohun tí ojú-ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró: ìlànà kọ́ọ̀sì, fọ́ọ̀mù, àpẹẹrẹ ìwé ìdánwò. Fún nóòtì ojoojúmọ́ lórí fóònù, kò dára tó, nítorí ọ̀pọ̀ áàpù PDF lórí fóònù kì í ka tag, ọ̀rọ̀ kì í sì í ká wálẹ̀. Ìṣirò nínú rẹ̀ tún máa ń di wóró-wòrò.

Ojú-ìwé Moodle: èyí tó bá fóònù mu jù

Nínú Moodle, Add an activity or resource, Page tàbí Book. Page fún nóòtì ọ̀sẹ̀ kan, Book fún èyí tó ní orí púpọ̀. Ojú-ìwé wẹ́ẹ̀bù ni, nítorí náà ó ń ká wálẹ̀, ó ń tóbi, TalkBack lè fo láti àkọlé sí àkọlé nínú Chrome, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì nílò áàpù mìíràn. Bí olùkọ́ bá tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, gbogbo ènìyàn rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò sí pé ẹ̀dà mẹ́rin ń yí kiri lórí WhatsApp.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni lílẹ̀ láti inú Word. Ó máa ń kó fọ́ǹtì, àwọ̀ àti ìwọ̀n lẹ́tà wọlé, tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi ní lè pààrọ̀ wọn mọ́. Ẹ fi Ctrl+Shift+V lẹ̀ ẹ́ láìsí ẹ̀wù, kí ẹ wá yan àkọlé láti inú àkójọ tó wà lókè àpótí ìkọ̀wé. Bí ẹ bá fi àwòrán sí i, Moodle á béèrè àlàyé rẹ̀. Ẹ má fo ó. Bọ́tìnnì Accessibility checker wà nínú àpótí náà. Línkì gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ń lọ: akẹ́kọ̀ọ́ tó to línkì sílẹ̀ tó gbọ́ “tẹ ibí, tẹ ibí, tẹ ibí” kò mọ èwo ni iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìṣirò dára níbí. Ẹ kọ LaTeX, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi lẹ́tà lásán kọ ìṣirò, sáàárín `\(` àti `\)`, bí alábòójútó bá ti tan MathJax, ohun tó ń fi ìṣirò hàn lójú-ìwé, á jáde bí ìṣirò gidi tí ẹ̀rọ lè kà.

Wàhálà rẹ̀ ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Áàpù Moodle lè gba kọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún kíkà láìsí dátà, bí fásitì bá tan ààyè áàpù náà. Bí kò bá tàn án, ẹ fi Word náà síbẹ̀. Ohun mìíràn ni pé kò ní nọ́ńbà ojú-ìwé, nítorí náà ẹ fi nọ́ńbà sí ìsọ̀rí, 3.1, 3.2, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè tọ́ka sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀.

EPUB: fún odindi ìwé kọ́ọ̀sì

Àwọn olùkọ́ kì í sábà ronú kàn án, ó sì ṣe mí ní kàyéfì, nítorí pé ohun rere inú wẹ́ẹ̀bù ló wà nínú fáìlì kan tó ṣeé kà láìsí dátà. WordToEPUB, tí DAISY, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwé tí akàndá ẹ̀dá lè kà, ṣe, jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹ fún un ní fáìlì Word, á sọ Heading di àkójọ orí-ọ̀rọ̀, á sì lè gbé nọ́ńbà ojú-ìwé lọ pẹ̀lú. Ace, ti DAISY náà, á yẹ̀ ẹ́ wò. Akẹ́kọ̀ọ́ lè fi Thorium kà á lórí kọ̀ǹpútà, tàbí EasyReader lórí fóònù.

Kò sí ẹ̀bùn fún Word tó wọ́ níbí. Fáìlì tí kò ní Heading á jáde bí orí kan ṣoṣo. Ìṣòro tó kù ni ti ìmọ̀: ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ fáìlì náà, fóònù á ní òun kò mọ ohun tó máa fi ṣí i. Ẹ kọ ìlà méjì sábẹ́ línkì pé áàpù báyìí ni kí wọ́n fi ṣí i. EPUB kò yẹ fún nóòtì tó ń yí padà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ dúró títí kọ́ọ̀sì á fi fìdí múlẹ̀.

Ohùn: ẹnìkejì nóòtì, kì í ṣe arọ́pò rẹ̀

MP3 ohùn ẹyọ kan (mono) ní 64 kbps (kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) jẹ́ bíi 29 MB fún wákàtí kan. Ní 32 kbps ó jẹ́ bíi 14 MB, ọ̀rọ̀ ẹnu á sì ṣì yéni. Ohùn dára fún ẹni tí ìwé kíkà ń rẹ̀, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè yí ojú-ìwé, àti fún kọ́ọ̀sì Yorùbá níbi tí ohùn ẹ̀rọ kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọ̀mọ̀wé kan sílẹ̀, adití kò sì rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, yúnìtì kan fún fáìlì kan, kí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà (`01`, `02`) kó lè tò. Ẹ ka nọ́ńbà ìsọ̀rí síta. Ẹ ṣàpèjúwe àwòrán, ẹ pe lẹ́tà orúkọ tó ṣàjèjì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Pa fáànù, ti fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù.

Síláìdì àti fídíò, ráńpẹ́

Síláìdì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àkọlé tirẹ̀. Ẹ ṣí Outline View: ọ̀rọ̀ tí kò bá hàn níbẹ̀, inú àpótí ọ̀rọ̀ lásán lẹ kọ ọ́ sí dípò àyè tí síláìdì pèsè, ẹ gbé e padà. Nínú Selection Pane, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni ẹ̀rọ ń kà á. Àmọ́ síláìdì kì í ṣe nóòtì. Kókó ọ̀rọ̀ mẹ́ta láìsí àlàyé kò yé ẹni tí kò gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ náà.

Fídíò tí kò ní ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti adití mọ́ ìta. Fún ẹ̀kọ́ tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe, YouTube á kọ ti ara rẹ̀, ẹ wá tún un ṣe nínú YouTube Studio, pàápàá orúkọ ènìyàn àti ìlú. Fún Yorùbá, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Moodle ń fẹ́ fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VTT: ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `WEBVTT`, àmì ìdúró ló sì wà ṣáájú mílísẹ́kọ́ńdù, `00:01:05.200`. SRT, irú fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ mìíràn, ń lo kọ́mà níbẹ̀. Bí ẹ bá kàn yí orúkọ fáìlì padà láìyí kọ́mà, kò ní jáde, ẹ ó sì máa wá ìdí kiri.

Ta ni kó mú èwo?

Olùkọ́ tó ń dá ṣe é, tí kò ní olùrànlọ́wọ́: Word tó ní Heading, kí ẹ gbé e sókè bẹ́ẹ̀. Bí wákàtí kan bá kù lọ́sẹ̀, ẹ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù di Page. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PDF.

Ẹ̀ka ìṣirò, físíìsì àti ẹnjiníà: Page tó ní MathJax, pẹ̀lú Word tó ní Equation fún kíkà láìsí dátà. PDF ni kó gbẹ̀yìn.

Ẹ̀ka Yorùbá àti ìmọ̀ èdè: Word onílẹ́tà Unicode pẹ̀lú ohùn olùkọ́ fún ewì, oríkì àti gbogbo ibi tí ohùn ti ń yí ìtumọ̀ padà. Méjèèjì pọ̀ ni, ọ̀kan kò tó.

Ibùdó ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn tó ní òṣìṣẹ́ àti kọ́ọ̀sì tó ti dúró: EPUB láti inú Word, PDF alátag fún títẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ènìyàn pọ̀ sí.

Ẹni tí síkáànù nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí kíláàsì sì bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ẹ má gbìyànjú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi OCR gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ là, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì máa ṣáájú kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn bá forúkọ sílẹ̀, Braille ni. Word tó mọ́ ni BrailleBlaster, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di Braille, máa ń fẹ́. Ojú-ìwé kan lè di méjì tàbí mẹ́ta ní Braille, ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sì wọ́n, nítorí náà ẹ kàn sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ẹ̀kọ́ àkànṣe tó wà ní Ọ̀yọ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bi akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀ bóyá ìwé ló fẹ́ tàbí fáìlì fún ẹ̀rọ Braille tó ti ní lọ́wọ́.